Ẹni Tó Gbọ́ Èdè Rẹ Lájò

 

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ lójijì, èdè wo lẹ máa ń fi ké? Bí ẹ bá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ tí ẹ ń ka owó ọjọ́ náà, tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, èdè wo lẹ fi ń kà á? Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò, ní Kàdúná tàbí ní Pọ́tá-Kọ́ọ̀tù. Háúsá tàbí Píjìn ni wọ́n fi ń nájà láti àárọ̀ títí di alẹ́, àwọn ọmọ wọn pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣèèṣì fi òòlù lu ọmọ ìka ara wọn, "Yéè, ìyá mi o!" ló ń jáde lẹ́nu wọn.

Ó lè dà bí ohun kékeré létí yín. Ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fi orí ṣèṣe ni mo ti rí i pé ohun kékeré yìí lè wà láàárín ìyè àti ikú.

Àlejò ní ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sún mọ́ ìparí ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni yóò yan ẹ̀ka tó wù ú. Yóò kọ lẹ́tà, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò kọ tiwọn tì í lẹ́yìn, ilé ìwòsàn tó fẹ́ lọ yóò sì dáhùn bóyá àyè wà. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni èmi yàn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rìn lọ bá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún mi, ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni kan lókè Ọya. Mi ò gbọ́ ju "sannu" àti "na gode" lọ nínú èdè ìlú náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ àlejò kì í fọwọ́ kan ọpọlọ ẹnikẹ́ni o, kí ọkàn yín balẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tètè jí, kí ó lọ sọ́dọ̀ aláìsàn tí wọ́n fi sí ìtọ́jú rẹ̀, kí ó bi í bó ṣe sùn, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ọmọlójú ń sún kì bí iná bá kàn án. Bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ tí kò sì mira mọ́, ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọ̀gá bá dé, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò sì ro gbogbo rẹ̀ lórí láìwo ìwé. Ní ọjọ́ tíátà, ẹ̀yìn ni yóò dúró sí, yóò máa wò, yóò sì di ohun tí wọ́n bá ní kó dì mú.

Mo rí wọn tí wọ́n fi irin ìlu-ihò ọlọ́wọ́, irú èyí tí àwọn káfíńtà àtijọ́ ń yí, dá ihò sí egungun agbárí ènìyàn. Wọ́n ń yí i, wọ́n ń ta omi sí i kí egungun má bàa gbóná. Bí irin náà bá ti ń sún mọ́ inú, ọwọ́ tó ti ń fi agbára yí i yóò wá rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ẹyin kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù níbẹ̀ kì í ṣe dókítà. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ni, Hájíyà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Sábó, ní Ìbàdàn, nígbà èwe rẹ̀, Yorùbá tó kù lẹ́nu rẹ̀ sì tó mi í lò. Bí mo bá ti dúró lọ́dọ̀ aláìsàn tí ọ̀rọ̀ kò yé èmi àti òun, Hájíyà yóò fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, yóò nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, yóò sì wá dúró tì mí. "Ọmọ mi, ó ní orí ń fọ́ òun láti ẹ̀yìn ojú. Ó ní àná kò rí bẹ́ẹ̀." Kò sí ẹni tó ń san owó ìtumọ̀ fún un. Bó bá parí, á gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn kan ti là

Kí àárẹ̀ má bàa mú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé jìnnà sílé, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọ̀gbẹ́ni kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Washington, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan. Àlejò ni òun náà jẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1962 ó padà wá sí U.C.H. ní Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú, ó ń kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1974, kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ní 1974 yẹn kan náà, dókítà méjì ní ìlú Glasgow ní Scotland, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí gbogbo ayé ń lò títí dòní fún ẹni tó fi orí ṣèṣe. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Bí ojú ṣe ń ṣí, máàkì 4 ni. Bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀, máàkì 5 ni. Bí apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ́ àṣẹ, máàkì 6 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá ń gba 3. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 8 tàbí tó dín sí i, ewu ńlá ló wà.

Ẹ wo apá ti ọ̀rọ̀ ẹnu dáadáa. Ẹni tó mọ orúkọ ara rẹ̀, tó mọ ibi tó wà àti oṣù tí a wà ń gba 5. Ẹni tó ń sọ gbólóhùn ṣùgbọ́n tí nǹkan ti dàrú mọ́ lójú ń gba 4. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn ń já lọ́kọ̀ọ̀kan láìbá ìbéèrè mu ń gba 3. Ẹni tó ń kùn tàbí tó ń kérora lásán ń gba 2. Ìdá kan nínú mẹ́ta òṣùwọ̀n náà, ẹnu ló wà fún. Ẹnu ní èdè wo?

Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé

Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Abọ́ oníke ló ń tà nínú ọjà ìlú náà láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ọ̀kadà ló gbá a. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun sí tirẹ̀ ló gbé e wá, wọ́n sì sọ fún àwọn dókítà pé Háúsá ni ìyá náà ń sọ, pé ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti àwọn onílùú lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí náà, Háúsá ni gbogbo ènìyàn ń bá a sọ. Kò dá wọn lóhùn. Ó ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Wọ́n kọ 2 fún un: ó kàn ń kùn ni. CT scan fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú orí rẹ̀ lápá òsì, àwọn ọ̀gá sì ní kí a máa ṣọ́ ọ ná, pé kò tí ì tó ohun tí a ń ṣí orí sí.

Ọmọlójú rẹ̀ ni mo lọ wò. Mo tẹ̀ mọ́ ọn, etí mi sì sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ má jẹ́ kí Rónkẹ́ sùn síbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ kú ìrora, mà."

Ojú rẹ̀ là. Ó wò mí títí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ fún un. Mo bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Mo bi í níbi tí a wà. "Ọsibítù ni. Àbí ọjà ni ìwọ rò pé a wà?" Mo bi í ní oṣù tí a wà, ó ní oṣù kẹta, pé ooru yìí kò lè jẹ́ ti oṣù mìíràn. Márùn-ún nínú márùn-ún.

Mo sáré lọ sọ fún dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá, ó ní kí n tún un bi níwájú òun, ó sì yí máàkì náà padà. Lókè ìwé rẹ̀, ó fi bírò pupa kọ "YORÙBÁ" gàdàgbà.

Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé bí orí ẹni tó gbọ́ èdè méjì bá fara pa, èdè kan lè lọ kí èkejì dúró. Nígbà mìíràn èyí tó kọ́kọ́ gbọ́ ló ń dúró, nígbà mìíràn sì rèé, èyí tó ń lò jù ni. Ti ìyá yìí, Yorùbá ló dúró. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ní kí n máa bi í ní ìbéèrè ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bá a tí ohùn rẹ̀ já gaara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá dúró níbẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò ní ara rẹ̀ ti ń yá. Mo bi í ní ibi tí a wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní níwájú ilé bàbá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo bi í léèrè Rónkẹ́. Ó ní, "Rónkẹ́ wo?"

Rónkẹ́, ọmọ rẹ̀, ló jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ tó ń bọ́ ọsàn.

Ó ti kúrò lórí 5, ó ti bọ́ sí 4. Máàkì kan péré ni, ṣùgbọ́n a kò bá má mọ̀ ọ́n bí a kò bá mọ ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo pe dókítà. Kó tó dé, oorun ti ń gbé ìyá náà lọ, a ní láti gbọ̀n ọ́n kó tó lajú. Wọ́n ní kí a tún ya àwòrán orí rẹ̀. Owó àwòrán náà kò sí lọ́wọ́ Rónkẹ́. Àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀, Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá, dá a jọ, díákónì kan láti ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ sì fi èyí tó kù kún un. Ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e wọ tíátà. Pásítọ̀ rẹ̀ ti fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó gbàdúrà ní Yorùbá, ìyá náà sì ṣe àmín, àmín kan tó pẹ́ kó tó jáde.

Ó yè é. Yorùbá ni ó sọ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, Hájíyà ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyá náà bá ní, "Na gode, Hajiya." Gbogbo wọ́ọ̀dù ló pariwo ayọ̀.

Nígbà tí a ń jíròrò rẹ̀, ọ̀gá wa sọ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀rọ ló fi ẹ̀jẹ̀ hàn wá, ṣùgbọ́n etí ló sọ fún wa pé ká tún padà lọ bá ẹ̀rọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kò mọ orúkọ rẹ̀

Mi ò ní tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ojú títì. Kò sí ìwé kankan lápò rẹ̀, kò sí fóònù. "Àìmọ̀" ni wọ́n kọ sí ibi orúkọ. Ó ń sọ̀rọ̀. A gbìyànjú Háúsá, Yorùbá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì kan gbìyànjú Tiv. Hájíyà jáde lọ sí ẹnu géètì, ó pe ẹni tó ń ta tíì, ó pe onímọ́tò méjì, ó pe ọmọkùnrin kan tó ń gbọ́ Fúlàní. Wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ etí sí i, wọ́n mi orí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kú. Gbogbo ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ó lè jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ìyá rẹ̀.

Kí ni ìjọ wa wà fún?

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa kan ń bi wá pé kí ni a tún ń ṣe ìsìn Yorùbá fún ní ìlú tí kì í ṣe ti Yorùbá. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ rántí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí àwọn àjèjì kún Jerúsálẹ́mù. Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni pé wọ́n gbọ́ èdè tí a bí wọn sí, lẹ́nu àwọn tí wọn kò retí rẹ̀. Ẹ rántí Bowen tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ó jókòó kọ́ èdè wa, títí ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ fi jáde ní Washington ní 1858. Ẹ sì rántí àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé ẹrù lórí lọ sí Òkè Ọya, tí púpọ̀ nínú ìjọ wa níbẹ̀ ti ọwọ́ wọn dìde. Wọn kò dá ìjọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ láti fi wọ aṣọ ẹbí nìkan. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan wà nítòsí tó máa gbọ́ wọn bí ara wọn kò bá dá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe ohun mẹ́rin yìí.

Èkíní, ẹ kọ ìwé pélébé kan sí àpò tàbí sẹ́yìn fóònù yín. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ẹbí méjì, àwọn èdè tí ẹ gbọ́, àti oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá wá kí yín láti ilé, ẹ kọ tiwọn náà.

Èkejì, bí ẹnikẹ́ni bá fi orí gbálẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ jẹ́ kó sùn kó lè sinmi. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú rẹ̀, ọpọlọ ló máa fún. Ẹlòmíràn á ṣubú, á dìde, á ní kò sí nǹkan, kó tó di alẹ́ kò ní mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ń bì léraléra, bí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ bá ń le sí i, bí ó bá ṣòro láti jí, bí gìrì bá gbé e, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú tàbí etí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní ọtí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, orí ni akoto wà fún, kì í ṣe apá.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ W.M.U. àti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí nọ́ńbà wọn yóò wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù. Bí ẹnì kan bá dé tó ń sọ Yorùbá, kí wọ́n pè yín. Kò gba owó. Ẹ kàn máa gbé fóònù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ èdè ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ kọ́ ọ ju ti ọjà lọ. Hájíyà kọ́ tiwa ní Sábó nígbà tí òun náà jẹ́ àlejò, ó sì fi sìn mí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ ẹlòmíràn lè dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́la, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni yóò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ẹ jẹ́ kó lọ, bó tilẹ̀ jìnnà. Ẹ sọ fún un pé kí ó kí àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ kí ó má sí ẹni tí yóò gbọ́ wa. Kí ó sì fún wa ní etí fún àwọn tó wà nítòsí wa. Àmín.